Ibo Ló Mọ? Ìdí Tí Àwọn Onímọ̀ Ìṣirò Fi Ń Rìnrìn Àjò Láti Lọ Jókòó Pọ̀

Abẹ́ kánópì lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi ìnáwó kan ní Ẹ̀pẹ́, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ṣú títí tí kò rọ̀. Àbúrò mi, tó ń ṣe ìwádìí nínú ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé wọ́n pe òun sí ìpàdé ọlọ́jọ́ márùn-ún kan ní Jámánì. Wọ́n á san owó bàálù, wọ́n á fún un ní yàrá, wọ́n á bọ́ ọ. Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá wa tó ti ń ta ẹja lọ́jà Olúwo kí wọ́n tó bí mi, gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe fún ọjọ́ márùn-ún gbáko?"

"A fẹ́ lọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò ni, mà."

"Ìṣirò wo ni kò ṣeé ṣe nílé? Ṣé ẹ ò ní fóònù ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ bọ́ sórí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe Ìyá Kékeré nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ìṣirò jẹ́ ohun tí èèyàn ń tilẹ̀kùn mọ́rí ṣe. Nígbà tí èmi gan-an wà ní ilé ìwé gíga, olùkọ́ kan fagi lé iṣẹ́ àwa mẹ́ta nítorí pé a jọ rò ó pọ̀. Ó ní ẹni tí kò bá lè dá a rò, kó lọ wá nǹkan míì ṣe. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Orúkọ ẹ̀ka tí àbúrò mi wà ni extremal combinatorics. Mo mọ̀, orúkọ yẹn nìkan tó láti lé èèyàn kúrò nídìí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Combinatorics ni ìṣirò kíkà àti títò: ọ̀nà mélòó la lè gbà to nǹkan, ta la lè so mọ́ ta ni, ẹgbẹ́ mélòó ló lè jáde láàárín àwọn èèyàn kan. Apá kejì orúkọ náà, extremal, ló gbé ìbéèrè wa wá: ibo ló mọ? Báwo ni nǹkan ṣe lè pọ̀ tó kí ohun tí à ń sá fún tó di dandan? Nínú ilé mi, "ìṣirò ibo-ló-mọ" là ń pè é. Bí màá ṣe máa pè é níbí náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìsàlẹ̀. Ká ní Ìyá Kékeré ní abọ́ méje lórí àtẹ, ẹja àrọ̀ mẹ́jọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe wù kó tò ó, abọ́ kan á gbà ju ẹja kan lọ. Kò sí ọgbọ́n tó lè dá a sí. Bákan náà ni èèyàn mẹ́jọ tó bá jókòó sídìí tábìlì: ó kéré tán, méjì nínú wọn, ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n bí wọn. Mi ò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, èèyàn mẹ́jọ ló jókòó, ó parí.

Dandan ni mo wí o. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Kì í ṣe "ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀," kì í ṣe tẹ́tẹ́, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Mo lè máà mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́jọ náà, mo lè máà mọ ìlú wọn, síbẹ̀ mo mọ ohun kan nípa wọn tí kò lè yẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ata díẹ̀ sí i. Èèyàn mẹ́fà jókòó sídìí tábìlì kan lóde ìnáwó. Àwọn kan nínú wọn mọ ara wọn, àwọn kan ò mọ ara wọn rí. Mo ní: ẹni mẹ́ta wà nínú wọn tí gbogbo wọn mọ ara wọn, tàbí kó jẹ́ pé ẹni mẹ́ta wà tí ẹnì kankan nínú wọn ò mọ ẹnì kejì. Ọ̀kan nínú méjèèjì, dandan ni. Bí ẹ bá ń mú àwọn mẹ́fà náà ní méjì-méjì, ọ̀nà 15 ló wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ́ "wọ́n mọra," ó lè jẹ́ "wọn ò mọra." Gbogbo bí ọ̀rọ̀ ṣe lè rí lápapọ̀ wá jẹ́ 32,768. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó bọ́.

Ta ló fẹ́ yẹ 32,768 wò? Ẹ mú Ìyá Kékeré nínú àwọn mẹ́fà náà, ó ku márùn-ún. Ẹ pín àwọn márùn-ún sí abọ́ méjì: àwọn tó mọ̀, àwọn tí kò mọ̀. Ẹja márùn-ún, abọ́ méjì: abọ́ kan á gba mẹ́ta, ó kéré tán. Ká ní abọ́ àwọn tó mọ̀ ló gba mẹ́ta, kí wọ́n jẹ́ onílù, alásè àti dẹ́rẹ́bà. Ẹ wá yíjú sí àwọn mẹ́ta yìí. Bí méjì nínú wọn bá mọ ara wọn, bí àpẹẹrẹ onílù àti alásè, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Ìyá Kékeré ti di mẹ́ta tó mọ ara wọn. Bí kò bá sì sí méjì kankan tó mọ ara wọn nínú wọn, àwọn mẹ́ta náà gan-an ni mẹ́ta tí kò mọra. Ibi yòówù kó sá gbà, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ abọ́ kejì ló gba mẹ́ta ńkọ́? Ẹ kàn fi "kò mọ̀" rọ́pò "mọ̀," ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe èyí ní kíláàsì, ọmọ kan tó máa ń sùn lẹ́yìn nawọ́ sókè: "Tíṣà, tó bá jẹ́ márùn-ún ńkọ́?" Inú mi dùn débi pé mo dárí oorun gbogbo tó ti sùn jì í. Márùn-ún ò tó. Ẹ fi Ìyá Kékeré, onílù, ìyàwó, dẹ́rẹ́bà àti alásè sídìí tábìlì róbótó, ní títẹ̀léra bí mo ṣe kà wọ́n yẹn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ àti ẹni tó wà lósì rẹ̀ nìkan. Ẹ wá mẹ́ta tó mọ ara wọn, ẹ ò ní rí. Ẹ wá mẹ́ta tí kò mọra, ẹ ò ní rí. Nítorí náà èèyàn 5 lè bọ́, 6 ò lè bọ́. Ibi tó mọ nìyẹn. Ẹ fi àwòrán àwọn márùn-ún yìí sọ́kàn, a máa padà bá wọn.

Orúkọ ẹni tí wọ́n fi ń pe irú ìbéèrè yìí ni Frank Ramsey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1930 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ọdún yẹn náà ló kú, ọmọ ọdún 26. Ohun tó fi hàn ni pé bó ti wù kí ẹgbẹ́ tí ẹ ń wá tóbi tó, bí èrò bá ti pọ̀ débì kan, ẹ máa rí i dandan. Ohun tó kù ni ká mọ ibi tí "débì kan" yẹn wà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti le. Fún ẹni mẹ́ta, 6 ni. Fún ẹni mẹ́rin tó mọ ara wọn tàbí mẹ́rin tí kò mọra, 18 ni. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti 1955. Fún ẹni márùn-ún, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé kò dín ní 43, wọ́n sì mọ̀ pé kò ju 46 lọ. 46 yẹn gan-an, 2024 ni Brendan McKay àti Vigleik Angeltveit ní Ọsirélíà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ̀ǹpútà dé ibẹ̀.

Ẹnì kan á ní, kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo rẹ̀ wò kó sì parí. Ẹ ṣírò rẹ̀. Láàárín èèyàn 43, méjì-méjì tó lè jáde jẹ́ 903, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì. Nọ́ńbà tó máa jáde, bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní dígíìtì 272. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ka ìyẹn tán. Paul Erdős, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò ní kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, máa ń fi ṣe àwàdà pé bí àwọn ẹ̀dá láti òde ayé bá wá gbógun tì wá, tí wọ́n ní ká dáhùn ti ẹni márùn-ún kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀, ká kó gbogbo kọ̀ǹpútà àti gbogbo onímọ̀ ìṣirò jọ ká wá a. Bí wọ́n bá ní ti ẹni mẹ́fà ni àwọn fẹ́, ká yáa bá wọn jà.

Ti Ramsey kọ́ ni irú kan ṣoṣo tó wà. Ká ní èèyàn mẹ́wàá ló wà lọ́jà Olúwo, a sì fẹ́ kí wọ́n gba nọ́ńbà fóònù ara wọn bó bá ti lè pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n alága ọjà ò fẹ́ kí ẹni mẹ́ta kankan wà tí gbogbo wọn ní nọ́ńbà ara wọn, torí ó ní mẹ́ta ló máa ń gbìmọ̀ fi owó lé ọ̀bọ̀kún. Mélòó ló lè jẹ́? Ẹ fi apẹja márùn-ún sápá kan, ìyá ẹlẹ́ja márùn-ún sápá kejì. Kí apẹja kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà gbogbo ìyá ẹlẹ́ja, kí apẹja má gba ti apẹja, kí ẹlẹ́ja má gba ti ẹlẹ́ja. Márùn-ún lọ́nà márùn-ún, 25. Nínú 45 tí ì bá jáde ká ní gbogbo wọn ló gba ti ara wọn, ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ṣé ẹ lè dọ́gbọ́n tò ó lọ́nà míì kó di 26? Ẹ ò lè tò ó. Ẹ to 26 bó ṣe wù yín, ẹni mẹ́ta tí alága ń sá fún á jáde. Willem Mantel ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ló gbé e jáde ní 1907: ẹ fi iye èèyàn ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin, ibi tó mọ nìyẹn. Ní 1941, Pál Turán ọmọ Húngárì fẹ̀ ẹ́ lójú kúrò ní ẹni mẹ́ta sí mẹ́rin, márùn-ún, iyekíye.

Júù ni Turán, àsìkò ogun ni, wọ́n sì kó o lọ síbi iṣẹ́ tipátipá. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ní 1944, kẹ̀kẹ́ bíríkì ni wọ́n ní kí àwọn máa tì lórí irin láti ibi ààrò lọ síbi tí wọ́n ń kó o jọ sí. Ibi tí irin bá ti kọjá lórí irin, kẹ̀kẹ́ á fò, bíríkì á dà nù. Ó wá ń rò ó nídìí kẹ̀kẹ́ yẹn: báwo lèèyàn ṣe lè to irin wọ̀nyí kí ìkọjá lórí ara lè kéré jù? Wọn ò tíì dáhùn ìbéèrè yẹn tán títí dòní. Èmi máa ń ka ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tó bá ní àwọn ò rí ibi tó dákẹ́ kàwé.

Ó wá kan ohun tí Ìyá Kékeré bi wá.

Ìbéèrè ibo-ló-mọ rọrùn láti sọ, ẹ̀yin náà ẹ rí i, ọmọ JSS lè sọ ọ́. Àmọ́ irinṣẹ́ tó máa ṣí i kì í sábà sí nílé ẹni tó béèrè. Nígbà míì algebra ni, nígbà míì jiọ́mẹ́tírì, nígbà míì ìṣirò ṣíṣeéṣe. Ní 1947, Erdős lo irú tọ́ọ̀sì tí wọ́n máa ń ta kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀: kí ẹ ta kọ́bọ̀ fún èèyàn méjì-méjì, orí "wọ́n mọra," ìrù "wọn ò mọra." Ó fi hàn pé bí èrò ò bá tíì pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ọ̀nà tó lè bọ́ gbọ́dọ̀ wà níbìkan, láì rí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí tán. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ pàdé ẹni tó ní ilẹ̀kùn.

Erdős fi ara rẹ̀ ṣe ìpàdé yẹn. Budapest ni wọ́n ti bí i ní 1913, ó kú ní 1996. Kò ní ilé kan tó fìdí kalẹ̀ sí. Àpótí aṣọ ló ń gbé láti ìlú dé ìlú, á kan ilẹ̀kùn onímọ̀ ìṣirò kan, wọ́n á jọ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, á tún lọ. Ìwé ìwádìí tó kọ tó 1,500, àwọn tó sì bá kọ ọ́ lé ní 500 èèyàn. Ìyá Kékeré á ní àlejò tí kì í lọ nìyẹn. Bó ti rí náà ni, àwọn tó gbà á lálejò sọ pé kì í jẹ́ káwọn sùn.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ kí ó tó dàgbà. Ní Budapest, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sókè, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń kóra jọ rojọ́ ìṣirò. Esther Klein, ọmọbìnrin kan nínú wọn, mú àlọ́ kan wá: ẹ to àmì márùn-ún sórí ìwé, kí mẹ́ta kankan má wà lórí ìlà kan, mẹ́rin á wà nínú wọn, dandan, tí wọ́n á so di onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ kankan ò wọnú. Ẹ dán an wò pẹ̀lú bírò. Ìgbìyànjú láti mú àlọ́ yẹn tóbi sí i ló bí ìwé tí Erdős àti George Szekeres kọ ní 1935. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí ìbéèrè Ramsey: bí ẹ bá fi ẹnì kan kún ẹgbẹ́ tí ẹ ń wá, òdiwọ̀n náà kò ní ju ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ. Esther àti George ṣègbéyàwó ní 1937. Ogun lé wọn dé Shanghai, wọ́n bá ara wọn ní Ọsirélíà, wọ́n sì kú lọ́jọ́ kan náà, 28 oṣù kẹjọ ọdún 2005, kò pé wákàtí kan síra.

Nọ́ńbà 4 yẹn jókòó síbẹ̀ fún ọdún 88. Wọ́n ń họ ọ́ létí, kò mì. Ní 2023 ni Marcelo Campos, Simon Griffiths, Robert Morris àti Julian Sahasrabudhe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nọ́ńbà tó fi díẹ̀ kéré sí 4. Ìlú Rio de Janeiro ní Bràsíl ni iṣẹ́ yẹn ti ta gbòǹgbò. Àwọn tó rò pé London àti New York nìkan lọgbọ́n ń gbé, kí wọ́n gbọ́.

N ò ní purọ́ fún Ìyá Kékeré, ọ̀rọ̀ fóònù rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Eré káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní SET, káàdì 81 ni. Àmì mẹ́rin ló wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní irú mẹ́ta. Ohun tí ẹ ń wá ni káàdì mẹ́ta tó jẹ́ pé, lórí àmì kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn bára mu tàbí gbogbo wọn yàtọ̀ síra. Ẹ lè to káàdì 20 sílẹ̀ kí ẹ má rí mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Tó bá di 21, dandan ni. Bí wọ́n bá wá fi àmì kún àmì, mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún, ibo ló mọ? Àwọn àgbà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá èyí jà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, Ernie Croot, Vsevolod Lev àti Péter Pál Pach gbé ọgbọ́n tuntun kan jáde lórí ìbéèrè tó jọ ọ́. Kò pẹ́ rárá tí Jordan Ellenberg ní Amẹ́ríkà àti Dion Gijswijt ní Nẹ́dálándì, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, fi ọgbọ́n yẹn ṣí ti káàdì. Wọn ò bá ara wọn ṣẹjọ́ ta ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n pa á pọ̀ sí ìwé kan, ojú ìwé díẹ̀ péré, orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀. Kò sí tábìlì tí wọ́n jọ jókòó tì. Ní 2009 náà, Timothy Gowers ní Cambridge pe gbogbo ẹni tó bá fẹ́ láti jọ rò ìbéèrè kan pọ̀ lójú gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì; wọ́n já a láàárín oṣù mélòó kan, orúkọ tí wọ́n sì fi gbé e jáde ni D.H.J. Polymath, orúkọ àpapọ̀.

Kí ló wá kù tí fóònù ò lè ṣe? Mo bi àbúrò mi, ohun tó sọ yà mí lẹ́nu. Ó ní ìwé ìwádìí kì í sọ ju ọ̀nà tó já lọ. Ogún ọ̀nà tí ẹni tó kọ ọ́ ti gbà tí kò já, kò sí nínú rẹ̀. Ìdí tábìlì lèèyàn ti ń gbọ́ ìyẹn. "Ẹ̀gbọ́n, mo lè fi oṣù mẹ́fà tọ ọ̀nà kan, kí ẹnì kan wá sọ fún mi nídìí tíì pé òun ti dé ìparí rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ògiri ló wà níbẹ̀." Kò ju ohun tí àwọn apẹja wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sétí ọ̀sà láàárọ̀. Ẹni tó rí ẹja pa kì í sọ ibi tó ti rí i, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí kò sí ẹja, ibi tí kùkùté wà lábẹ́ omi tó ń fa àwọ̀n ya, ìyẹn ni wọ́n ń sọ síra wọn, ẹni tí kò bá dé etí omi ò ní gbọ́.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ilé sí i. Abúlé Oberwolfach wà láàárín igbó ní Jámánì, ilé ìwádìí ìṣirò kan ti wà níbẹ̀ láti 1944. Wọ́n á pe àwọn onímọ̀ ìṣirò fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ rìn nínú igbó. Nídìí oúnjẹ, wọ́n máa ń yí ìjókòó padà kí ọ̀rẹ́ má baà máa jókòó ti ọ̀rẹ́ ṣáá. Ẹ wá wo ohun tí àwọn èèyàn yìí ṣe. Ní 1967, Gerhard Ringel wo àwọn tábìlì róbótó tí wọ́n ń jẹun lé lórí, ńlá àti kékeré, ó ní: ṣé a lè to ìjókòó láti oúnjẹ dé oúnjẹ kó jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan máa jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré? Oúnjẹ pàápàá di iṣẹ́. Fún gbogbo iye èèyàn tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, tó bá ti pọ̀ tó, wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò ju ọdún mélòó kan lọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ padà bá àwọn márùn-ún wa. Oúnjẹ àkọ́kọ́: Ìyá Kékeré, onílù, ìyàwó, dẹ́rẹ́bà, alásè. Oúnjẹ kejì: Ìyá Kékeré, ìyàwó, alásè, onílù, dẹ́rẹ́bà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, oúnjẹ méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jókòó ti gbogbo àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣé ẹ sì rí i? Àwọn tó fara kanra ní oúnjẹ àkọ́kọ́ ni àwọn tó mọra nínú àwòrán wa ìṣáájú. Àwọn tó fara kanra ní oúnjẹ kejì ni àwọn tí kò mọra. Àwòrán kan náà ni. Ìbéèrè Ramsey àti ìbéèrè oúnjẹ Ringel, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ìgbà tí èmi kọ́kọ́ rí i, mo dìde lórí àga.

Àwọn òbí máa ń bi mí pé kí ló wúlò fún. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí fóònù yín ń fi ránṣẹ́, 0 àti 1 ni. Ká ní alámì méje ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, 128 ló lè jáde. Afẹ́fẹ́ lè ba àmì kan jẹ́ lọ́nà. Ẹ wá fẹ́ yan ọ̀rọ̀ tó jìnnà síra, tí méjì kankan á fi àmì mẹ́ta yàtọ̀ ó kéré tán, kí ẹni tó gbà á lè mọ èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ bí àmì kan tilẹ̀ bàjẹ́. Mélòó lẹ lè yàn? Ibo-ló-mọ náà nìyẹn: 16. Richard Hamming tẹ ọ̀nà yìí jáde ní 1950, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sì wà nínú ohun èlò tí ẹ fi ń ka èyí.

Lọ́dọ̀ tiwa, National Mathematical Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà ní Sheda, nítòsí Abuja. AIMS, ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ìmọ̀ ìṣirò ní Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town ní 2003, ti dé Senegal, Gánà, Cameroon àti Rwanda, tí ọmọ Áfíríkà ti lè bá ọmọ Áfíríkà jókòó. Mo mẹ́nu kan èyí torí pé wọ́n ti pe àbúrò mi sí ìpàdé kan rí lókè òkun. Ìwé ìwọ̀lú rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí ìpàdé parí. Ibi tí èèyàn lè wọ mọ́tò dé, ó níyì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìnáwó, àwa méjèèjì lọ sọ́jà Olúwo. Mo ṣàlàyé ti èèyàn mẹ́fà fún Ìyá Kékeré pẹ̀lú epìyà àti abọ́ tirẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

"Irọ́ wà níbẹ̀," ó ní. "Onílù yẹn, mi ò lè ní mo mọ̀ ọ́n, mi ò lè ní mi ò mọ̀ ọ́n. A kàn ń kí ara wa ni. Abọ́ wo lo fẹ́ fi í sí?"

Àbúrò mi wò mí. Ó ní, "Mà, ẹ ti fi abọ́ kẹta kún un. Àwọn tó mọra, àwọn tí kò mọra, àwọn tó kàn ń kíra. Ti abọ́ mẹ́ta, 17 ni wọ́n pè é. Greenwood àti Gleason, 1955."

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"Ẹ yọ ara yín kúrò nínú 17."

"Ó ku 16." Ó fa abọ́ mẹ́ta sún mọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ ń mì lórí wọn bí ìgbà tó ń pín ẹja. "Ọ̀kan á gba mẹ́fà." Ó dákẹ́. "Ká ní abọ́ àwọn tí mò ń kí ni. Bí méjì nínú mẹ́fà yìí bá ń kí ara wọn, àwa mẹ́ta ti jáde. Bí wọn ò bá sì kíra wọn…" Ó gbójú sókè. "Ó ku mọ̀ àti kò mọ̀ láàárín wọn. Mẹ́fà sì ni wọ́n. Ti ìṣáájú náà ni!"

Obìnrin tó ń ta ìgbín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ béèrè ohun tó ń pariwo lé lórí. Kò dá a lóhùn. Ó ti fa abọ́ kẹrin.

"Tó bá di mẹ́rin ńkọ́? Àwọn tó ń bára wọn jà náà ní abọ́ tiwọn."

"Ọ̀nà tí ẹ gbà yẹn, tí ẹ bá lò ó fún abọ́ mẹ́rin, á gbé yín dé 66, mà. Wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé 62. Wọ́n sì mọ̀ pé èèyàn 50 ṣì lè bọ́."

"Láàárín 51 sí 62, èwo ni?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Ìyá Kékeré nu ọwọ́ sára ìró. Oníbàárà kan ti dúró dè é látìgbà yẹn, ó ń yẹ àrọ̀ wò.

"Ìgbà wo lẹ ní ìpàdé Jámánì yẹn?" ó bi àbúrò mi. "Tí o bá débẹ̀, bi wọ́n ní ti mẹ́rin yẹn."